Irinṣẹ́ wo ni mo nílò láti to reluwé kékeré fún ìgbà àkọ́kọ́?

ÌBÉÈRÈ
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo fẹ́ to reluwé kékeré, oríṣi HO (orúkọ ìwọ̀n kan tí wọ́n fi ń ṣe reluwé kékeré), sórí pákó tó fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 4, tó gùn ní 8. Ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ ẹrù, ojú irin àti ẹ̀rọ tó ń fún un ní iná wà nínú páálí. Mo fẹ́ kí irin náà yí po, kó ní oríta 2, ìyẹn ibi tí irin ti ń pín sí méjì. Òòlù, sukudiráfà àti píláyà nìkan ni mo ní. Kí ló kù tí mo gbọ́dọ̀ rà?

ÌDÁHÙN 1
Ẹ kú ìmúra. Ẹ gbé òòlù yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Ìṣó tí wọ́n bá gbá wọlé jù máa ń tẹ igi abẹ́ irin mọ́lẹ̀ láàárín, irin méjèèjì á sún mọ́ra ju mìlímítà 16.5 tí HO ń fẹ́ lọ, ọkọ̀ á wá máa yẹ̀.

Plywood mìlímítà 12 tó, àmọ́ ẹ kan férémù sí i lábẹ́, kí igi ìdábùú wà ní ínṣì 16 sí ara wọn. Láìsí i, àárín pákó á rọ̀ wálẹ̀. Gọ́ọ̀mù igi àti sùkúrúù ni kẹ́ ẹ fi mú un. Ẹ ra spirit level tẹ́ ẹ máa fi mọ̀ bóyá pákó tẹ́jú, rúlà irin àti tépù ìwọ̀n. Ẹ to gbogbo irin sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lẹ ohunkóhun, kẹ́ ẹ fi pẹ́ńsù fa ìlà sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́. Kọ́nà tó jẹ́ ínṣì 18 láti àárín àyíká dé ojú irin wọ ẹsẹ̀ bàtà 4 dáadáa. Ínṣì 22 á fẹ́rẹ̀ẹ́ kan etí pákó, ọkọ̀ tó bá yẹ̀ níbẹ̀ á já sílẹ̀.

ÌDÁHÙN 2
Mo fara mọ́ ti férémù. Ṣùgbọ́n ẹ lẹ fóòmù líle oní-ínṣì 1 lé plywood náà, ó rọrùn láti gbẹ́ odò àti kòtò sínú rẹ̀. Gọ́ọ̀mù tó ń rùn bíi pẹtiróòlù á jẹ fóòmù, ẹ má lò ó. Ẹ tẹ́ kọ́ọ̀kì sábẹ́ irin kí ariwo lè dínkù. Ìṣó kì í dúró nínú fóòmù: gọ́ọ̀mù ni kẹ́ ẹ fi lẹ irin, kẹ́ ẹ fi píìnì dè é títí á fi gbẹ.

Ohun tí mi ò ní gbójú fò ni píláyà tí wọ́n ṣe fún gígé irin reluwé. Píláyà lásán máa ń tẹ orí irin. Ẹ kọ ojú rẹ̀ tó tẹ́jú sí apá tẹ́ ẹ máa lò, kẹ́ ẹ sì fi fáìlì kékeré ra ẹnu rẹ̀. Ẹ wá ìwọ̀n onírin pẹlẹbẹ ti NMRA (ẹgbẹ́ àwọn tó ń to reluwé kékeré ní Amẹ́ríkà) náà, òun lẹ máa fi yẹ irin, oríta àti ẹsẹ̀ ọkọ̀ wò.

ẸNI TÓ BÉÈRÈ
Ẹ ṣé gan-an. Ṣé mo nílò soldering iron, ìyẹn irin gbígbóná tí wọ́n fi ń yọ́ òjé láti so wáyà mọ́ irin? Wáyà 2 péré ló wà nínú páálí.

ÌDÁHÙN 3
Ẹ nílò rẹ̀, torí wáyà 2 yẹn ò ní tó. Ìsopọ̀ irin máa ń dẹ̀, ó sì máa ń dọ̀tí, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń rọra rìn ní òdìkejì pákó. Ẹ fa wáyà nípọn 14 AWG (AWG ni nọ́ńbà ìnípọn wáyà) méjì, pupa àti dúdú, gba abẹ́ pákó. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 3, ẹ fi wáyà tín-ín-rín, 22 AWG, so ó mọ́ irin: pupa sí irin ìta, dúdú sí ti inú. Tí wáyà pupa bá kan irin tí wáyà dúdú wà lára rẹ̀ níbì kankan, iná á ṣọ́ọ̀tì, nítorí náà ẹ fi mítà tí wọ́n fi ń yẹ iná wò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn wáyà kọ̀ọ̀kan.

Soldering iron 40 wáàtì tó. Flux (ohun tó ń jẹ́ kí òjé lẹ̀ mọ́ irin) ti rosin, ìyẹn oje igi, ni kẹ́ ẹ rà, ti ásíìdì máa ń jẹ wáyà. Ẹ fi fáìlì ha ẹ̀gbẹ́ irin títí á fi dán, kẹ́ ẹ kan soldering iron mọ́ ọn fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ péré. Tó bá pẹ́ jù, igi oníke abẹ́ rẹ̀ á yọ́. Ẹ má fi òjé jó oríta mọ́ irin tó kù, kó lè ṣeé yọ tó bá bàjẹ́.

ÌDÁHÙN 1
Mo fẹ́ fi èyí kún un: àkísà àti isopropyl alcohol lẹ máa fi nu irin. Ẹ má gbé kànìnkànìn onírin sún mọ́ ọn rárá, mágínẹ́ẹ̀tì inú ẹ́ńjìnnì á fa fọ́nrán rẹ̀ wọlé. Koríko, ilé àti òkúta wẹ́wẹ́ lè dúró. Ìgbà tí ọkọ̀ bá ti yí po síwájú àti sẹ́yìn láìyẹ̀, tó sì gba oríta méjèèjì kọjá, ni kẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ da òkúta sí i. Tó bá kan oríta, ẹ má jẹ́ kí gọ́ọ̀mù dé ibi tí irin rẹ̀ ti ń yí.