Ẹ bá mi wá àkọlé ìròyìn àtijọ́ tí a lè fi dá àpárá

Arẹ́rìn-ín
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn mi. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi máa ń ṣe eré kan ní alẹ́ Sátidé. Ẹnì kan á ka àkọlé ìwé ìròyìn àtijọ́, àwọn yòókù á sọ ohun tí ìbá ṣẹlẹ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì ká ní bí wọ́n ṣe kọ ọ́ náà ló rí. Àkọlé wa ti tán. Èwo lẹ rò pé ó máa dùn? Mi ò fẹ́ èyí tí ẹ̀mí bọ́ nínú rẹ̀ o. Tí ẹ bá sì mọ ibi tí ẹ̀rín rẹ̀ fara pamọ́ sí, ẹ má fi dù mí.

Ayékòótọ́
"Dewey Defeats Truman" ni o: Dewey na Truman nínú ìbò ààrẹ Amẹ́ríkà. Chicago Daily Tribune ló gbé e jáde ní ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ọdún 1948. Àwọn òṣìṣẹ́ ìtẹ̀wé wọn ń daṣẹ́ sílẹ̀ nígbà náà, ni wọ́n bá ń tètè gbé ìwé lọ sídìí ẹ̀rọ, ìbò ò tíì kà tán. Truman ló wọlé. Ó gba ẹ̀dà kan ní ibùdókọ̀ ojú irin ní St. Louis, ó gbé e sókè fún àwọn ayàwòrán, ó ń rẹ́rìn-ín bí ẹni jẹ tẹ́tẹ́.

Tèmi rè é: Dewey ti di ẹrù, ó dé ẹnu ọ̀nà White House. Olùṣọ́ ní, "Ọ̀gá, orúkọ yín wà nínú ìwé ìròyìn, àmọ́ kò sí nínú ìwé tó wà lọ́wọ́ mi." Dewey ní, "Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ jáde!" Olùṣọ́ ní, "Ó dáa, kí ẹni tó tẹ̀ ẹ́ wá ṣílẹ̀kùn fún yín."

Olófòófó
Titanic ńkọ́? Ní 1912, àwọn ìwé ìròyìn kan kọ ọ́ gàdàgbà pé gbogbo èrò inú ọkọ̀ ló yè.

Arẹ́rìn-ín
Rárá o, ọ̀rẹ́ mi. Èèyàn tó kú níbẹ̀ lé ní 1,500. Mo ti ní mi ò fẹ́ irú ẹ̀.

Olófòófó
Ẹ má bínú. Mo ti gbé ẹnu mi kúrò níbẹ̀.

Ìyá Oníròyìn
Ayékòótọ́, olùṣọ́ yẹn pa mí lẹ́rìn-ín. Arẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ni kó o ti mú eré rẹ: fi ààrẹ àti ọ̀mọ̀wé sílẹ̀, wá ẹni kékeré tí ìròyìn náà máa kó iṣẹ́ bá. Èmi ti jókòó sídìí àkọlé rí, mo mọ̀ pé òru ni wọ́n ń kọ ọ́, oorun ló sì sábà máa ń bá wọn parí rẹ̀.

Gba èyí. New York Times, ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1911: àwọn ará Máàsì, ayé pupa kan tó ń yí oòrùn po bíi tiwa, gbẹ́ odò ńlá méjì láàárín ọdún méjì. Percival Lowell, onímọ̀ ìràwọ̀, ló gbà pé àwọn ìlà tí òun ń rí lójú Máàsì, odò àfọwọ́gbẹ́ ni wọ́n. Kò sí odò, kò sí ẹni tó gbẹ́ ẹ. Àmọ́ ká ní wọ́n wà? Ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ tán tí ará ìlú á ti gbé ìwé ìròyìn lọ bá ìjọba: "Odò méjì, ọdún méjì! Gọ́tà ojúlé wa ńkọ́, tẹ́ ẹ ti ń gbẹ́ láti ìjẹta ọdún?" Ìjọba á wá ránṣẹ́ pe agbaṣẹ́ṣe kan láti Máàsì. Onítọ̀hún á gbé ṣọ́bìrì dé, akọ̀wé á ní kó kọ́kọ́ mú ìwé ọjọ́ orí wá. Ọdún kan ní Máàsì tó ọjọ́ 687 tiwa, nítorí náà bàbá arúgbó tó ti gbẹ́ odò méjì, lórí ìwé, kò tíì ju ọmọ ogójì ọdún lọ. Akọ̀wé á ní, "Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lójú ìwé yìí kọ́ lẹ wà níwájú mi yìí. Ẹ lọ búra wá."

Ìjàpá
Ìyá, ọdún méjì ti ibo ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ? Tó bá jẹ́ ti Máàsì, ọdún mẹ́rin ó dín díẹ̀ nìyẹn. Agbaṣẹ́ṣe ò yàtọ̀ níbì kankan!

Ìwé ìròyìn yẹn náà ló kọ ọ́ ní ọjọ́ 9 oṣù kẹwàá ọdún 1903 pé ẹ̀rọ tó máa fò lóòótọ́, ó lè gba ọdún mílíọ̀nù kan sí mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ní ọjọ́ 17 oṣù kejìlá ọdún kan náà, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò Wright fò ní Kitty Hawk, ìṣẹ́jú àáyá 12. Èmi rí ọlọ́pàá kan tó ń sáré bọ̀ nínú iyanrìn: "Ta ló pè yín? Ẹ fi mílíọ̀nù ọdún kan yájú! Ẹ gba nọ́ńbà, ẹ lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì."

Ológbò Òru
Ẹ jẹ́ n mú àgbà wọn wá. Oṣù kẹjọ ọdún 1835, The Sun ti New York ń kọ ọ́ lójoojúmọ́ pé John Herschel fi awò ńlá rí àwọn èèyàn abìyẹ́ bí àdán lójú òṣùpá. Herschel wà ní gúúsù Áfíríkà níbi tó ti ń wo ìràwọ̀ lóòótọ́, kò mọ nǹkan kan sí i. Tẹ́lọ̀ ni kí ẹ ronú kàn. Ó ran aṣọ fún wọn, ó wọn ọrùn, ó wọn apá, ó dá ojú ìyẹ́ sí i. Oníbàárà dúpẹ́, ó sanwó, ó fò lọ sókè àjà, ó dorí kodò, aṣọ tuntun bá ya bò ó lójú.

Ayékòótọ́
Ẹ ò gbọdọ̀ gbàgbé New York Herald, ọjọ́ 9 oṣù kọkànlá ọdún 1874: ẹranko já kúrò nínú àgò ní ọgbà ẹranko Central Park ní New York, wọ́n ń pa èèyàn kiri. Irọ́ ni látòkèdélẹ̀. (Kò sẹ́ni tó kú, Arẹ́rìn-ín, fọkàn balẹ̀.) Wọ́n sọ pé irọ́ ni o, ní ìpínrọ̀ tó kẹ́yìn pátápátá, níbi tí ẹni tó ti sá wọlé ò lè kà á dé. Kìnnìún nìkan ló jókòó kà á tán, ó bá pe olùtọ́jú: "Wọ́n ní mo ti jáde láti àárọ̀. Kọ́kọ́rọ́ dà?"

Arẹ́rìn-ín
Ẹ ṣé púpọ̀. Àná la ṣeré náà. Wọ́n fẹ́ràn kìnnìún, àmọ́ ti tẹ́lọ̀ ló gbayì jù, torí ọ̀rẹ́ mi kan ní àwọn ará òṣùpá yẹn nìkan ni Herald ò bá rí tàn jẹ. Orí wọn wà nílẹ̀, ìpínrọ̀ ìkẹyìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ kà.