Ẹ̀yin tó ń bá rédà etíkun ṣiṣẹ́, báwo lẹ ṣe mú kí ojú rẹ̀ mú sí i?

ỌmọEtíOmi
Ẹ kú iṣẹ́ o. California ni mo wà, rédà 13 MHz la fi ń wo bí omi òkun ṣe ń ṣàn. Kìlómítà mẹ́ta-mẹ́ta ló ń pín omi sí, ọ̀gá wa ní kìlómítà kan lòun fẹ́. Ta ló ti ṣe é rí?

AdéHamburg
A jẹ́ pé àyè tó fẹ̀ tó 50 kHz lẹ ń lò lórí afẹ́fẹ́; bí àyè bá ṣe fẹ̀ tó ni ojú rédà ṣe ń mú tó. Kìlómítà kan á gba 150. Àyè tí ITU, àjọ tó ń pín àyè rédíò fún gbogbo ayé, sì là sílẹ̀ fún wa ní 2012, láti 13.45 dé 13.55 MHz ni, 100 kHz péré. Kìlómítà kan ààbọ̀ lẹ lè dé. Ẹ ní kí ọ̀gá lọ kàwé.

Ṣèyí_09
Ọ̀gá wo ló ń kàwé 😂

SísíMàrínà
Ẹ fi kìlómítà sílẹ̀ ná, ìhà tí ohùn rédà tí omi dá padà ti ń bọ̀ ńkọ́? Níbi iṣẹ́ mi àtijọ́, ẹ̀gbẹ́ ọgbà onírin ni wọ́n ri áńtẹ́nà mọ́. Àwòrán ń fi hàn wá pé omi ń ṣàn gun orí ilẹ̀! Àfi ìgbà tá a gbé ẹ̀rọ kékeré tó ń dá rédà lóhùn sínú ọkọ̀ ojú omi, tá a fi ń yí iwájú rédà ká láti etí kan dé èkejì, ká lè mọ bí áńtẹ́nà ṣe ń gbọ́ ìhà kọ̀ọ̀kan. Mo bì títí, awakọ̀ ń bẹ̀ mí. Àmọ́ omi padà sáyè rẹ̀.

Gbádé
Irọ́ ni. Rédà ò lè rí ìṣàn omi.

AdéHamburg
Ìgbì omi ló ń rí. Ní 13 MHz, ìgbì tó gùn tó mítà 11 ló ń dá ohùn padà. Tó bá yá ju bó ṣe yẹ lọ, ìṣàn ló ń tì í. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, Crombie, ti rí ohùn ìgbì omi yìí láti 1955.

BabaRédíò_London
Ẹ dúró. Ṣé ẹ̀yin lẹ ń ṣe "fíì, fíì" nínú rédíò mi lórí 5 MHz lóròòru?

AdéHamburg
Ẹ má bínú, bàbá. Lóru, ojú sánmà ń ta ìgbì rédíò wa lọ jìnnà. Ó ń ba tiwa náà jẹ́.

BabaRédíò_London
Kí n wá bá yín kẹ́dùn?

Ṣèyí_09
Bàbá, nígbà tí ọkọ̀ Cosco Busan kọlu Bay Bridge ní San Francisco ní 2007, tí epo dà sómi, rédà yìí wà lára ohun tí wọ́n fi mọ ibi tí epo ń gbà lọ.

BabaRédíò_London
Epo yẹn ti tán tipẹ́. "Fíì" ò tíì tán.

ỌmọEtíOmi
Ọ̀gá ti gbọ́. Ó ní ká lọ 24 MHz.

SísíMàrínà
Àyè wà níbẹ̀, 200 kHz. Àmọ́ bíi kìlómítà 40 ni ẹ máa rí mọ.

BabaRédíò_London
24? Ẹ kó ti 5 náà lọ síbẹ̀.