Ọ́ìlì tó ń jò lẹ́sẹ̀ ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù mi: ó ti dá
Ẹ̀yin ará, ẹ rántí píkọ́ọ̀pù ògbólógbòó mi tí ọ́ìlì gíà ń jò sínú bíréèkì ẹ̀yìn? Ó ti dá o. Ẹ̀ẹ̀mejì la pààrọ̀ síìlì rẹ̀ (rọ́bà tó ń dí ọ́ìlì mọ́nú) ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ó tún ń jò. Àṣé ihò kékeré tí axle (irin tó gbé táyà ẹ̀yìn méjèèjì, tí ọ́ìlì gíà wà nínú rẹ̀) fi ń mí ni ẹrẹ̀ ti dí pa! Bí ọ́ìlì bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ kò rọ́nà jáde, ló bá ń ti ọ́ìlì gba etí síìlì. Mẹkáníìkì fi wáyà la ihò náà, ó fi síìlì tuntun sí i. Mo ní kó kàn fọ ṣúù bíréèkì (ohun tó ń mú kí táyà dúró) tó ti mu ọ́ìlì (owó ló ń dùn mí), ó kọ̀ jálẹ̀. A ra tuntun, tọ̀tún tòsì. Mo ti lọ Ọ̀yọ́ bọ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó gbẹ táútáú. Ẹni tó ní kí n yẹ ihò yẹn wò, ẹ ṣeun gan-an.