Ìgbà Tí Ọwọ́ Gbọ́dọ̀ Dúró: Ìrírí Mi Nínú Iṣẹ́ Abẹ Ojú Ogun

Ẹ̀yin ará, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọwọ́ yíyá àti àyà líle ni olórí ohun tí dókítà oníṣẹ́ abẹ ojú ogun nílò. N kò ní jiyàn pé wọn kò wúlò. Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà tí mo fi ṣiṣẹ́ nínú àgọ́ ìwòsàn tí ìró ìbọn ń dé etí wa, ohun tí mo rí i pé ó ń gba ẹ̀mí là jù ni kí ènìyàn mọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró: ìgbà tí kò yẹ kí ó rán ọgbẹ́, ìgbà tí kò yẹ kí ó gé ẹsẹ̀, àti ìgbà tí ó yẹ kí ó dá iṣẹ́ dúró lórí ẹni tí inú rẹ̀ ṣì wà ní ṣíṣí. Dókítà tí ó ti ilé ìwòsàn ìgbà àlàáfíà bọ́ síbẹ̀ kì í tètè gba èyí, nítorí pé wọ́n ti kọ́ ọ láti máa parí iṣẹ́ tí ó bá bẹ̀rẹ̀.

Ọgbẹ́ ogun yàtọ̀ pátápátá sí ojú ibi tí a fi abẹ tí ó mọ́ là. Ihò tí ọta ìbọn gbà wọlé lè má ju èékánná lọ, nígbà tí ẹran ara tí ó ti bàjẹ́ ní inú fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́. Àfọ́kù bọ́ǹbù tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí pé ó máa ń gbé yẹ̀pẹ̀, èérún aṣọ àti awọ bàtà wọ inú ara. Ẹ̀mí ọ̀pọ̀ ọmọ ogun ni a fi kọ́ ẹ̀kọ́ yìí nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Ilẹ̀ oko tí wọ́n ti jà ní Faransé àti Bẹ́ljíọ̀mù láti ọdún 1914 kún fún ìgbẹ́ ẹran tí àwọn àgbẹ̀ fi ń bọ́ ilẹ̀, kòkòrò tẹ́tánọ́ọ̀sì àti èyí tí ó ń mú kí iṣan jẹrà títí tí afẹ́fẹ́ yóò fi kún abẹ́ awọ sì pọ̀ nínú rẹ̀. Ọgbẹ́ tí wọ́n sáré rán pa ní ìbẹ̀rẹ̀ ogun náà wú, ó sì rà, ó sì pa àwọn tí ọta kò rí pa. Antoine Depage, dókítà ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù, wà lára àwọn tí ó fi ẹsẹ̀ rẹ̀ múlẹ̀ pé kí a gé gbogbo ẹran tí ó ti kú kúrò, kí a sì fi ọgbẹ́ náà sílẹ̀ ní ṣíṣí. Títí di òní, bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn.

Gígé ẹran tí ó ti kú kúrò kì í ṣe iṣẹ́ ìkánjú. Mo máa ń la awọ ní gígùn kí n lè rí ìsàlẹ̀, n ó fi omi iyọ̀ tí kò ní kòkòrò fọ̀ ọ́ dáadáa, lẹ́yìn náà ni n ó wá máa yẹ iṣan wò díẹ̀díẹ̀. Iṣan tí ó wà láàyè pupa, ó le díẹ̀ lábẹ́ ọwọ́. Bí mo bá fi ẹ̀mú kékeré fún un, yóò fà pọ̀, bí mo bá sì gé e, ẹ̀jẹ̀ yóò yọ ní etí rẹ̀. Èyí tí ó ti kú a máa pọ́n dúdú, kò ní agbára kankan, bí a fún un kò ní mira, bí a gé e kò ní ṣẹ̀jẹ̀. Èyí tí ó ti kú gbọ́dọ̀ kúrò, ìbáà jẹ́ pé ihò tí yóò kù lẹ́yìn rẹ̀ ń ba ojú lẹ́rù. Awọ ara ni a máa ń ṣọ́ jù, nítorí pé awọ kì í tètè kú, a ó sì tún nílò rẹ̀ láti fi bo ọgbẹ́ náà.

Bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dá, a ó tú gọ́ọ̀sì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ sí i láì ki í mọ́lẹ̀, kí omi ọgbẹ́ lè rí ọ̀nà jáde, a ó fi báńdéèjì tí ó nípọn dì í, ó di nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún kí a tó tú u. Nínú tíátà, ìyẹn yàrá iṣẹ́ abẹ, ni a ó sì ti tú u, a kì í tú u lórí bẹ́ẹ̀dì. Láàárín ọjọ́ wọ̀nyẹn, báńdéèjì náà yóò máa rùn. Nọ́ọ̀sì tuntun a máa fẹ́ pààrọ̀ rẹ̀ nítorí ìmọ́tótó, ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ ni ó sì ń bá a wí, n kò lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n omi ara tí ó ń gbẹ sórí gọ́ọ̀sì ni ó ń rùn bẹ́ẹ̀, àyàfi bí ibà bá gbé aláìsàn náà dè, tí ìrora rẹ̀ ń pọ̀ sí i, tàbí tí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì, ni a fi ń bẹ̀rù pé nǹkan ti bàjẹ́ ní ìsàlẹ̀.

Ọkùnrin kan wà tí ó gbé àbúrò rẹ̀ wá, tí àfọ́kù bọ́ǹbù la itan rẹ̀ sílẹ̀. Ní ọjọ́ kejì ó dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé òwú ìránṣọ yín ni ó tán ni, tí ẹ fi àbúrò mi sílẹ̀ báyìí? Bí owó bá ni, ẹ sọ fún mi." Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, òwú wà. Bí mo bá rán an lónìí, inú rẹ̀ ni mo ti ìdọ̀tí mọ́." Kò dá mi lóhùn, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò gbà mí gbọ́. Nígbà tí ọjọ́ pé, tí a tú báńdéèjì náà nínú tíátà, ẹran náà pupa fòò, ó mọ́, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀ bí gọ́ọ̀sì ṣe ń ká kúrò lára rẹ̀. A rán an pa láìsí wàhálà.

Bí ọkọ̀ bá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn dé lẹ́ẹ̀kan náà, ìdúró ọwọ́ tún ń gba ọ̀nà mìíràn wá. Dókítà tí ó ní ìrírí jù nínú wa kì í wọ tíátà ní irú òru bẹ́ẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni ó máa ń dúró sí, láìmú abẹ kankan lọ́wọ́, tí yóò máa yan ẹni tí yóò kọ́kọ́ wọlé. Ẹni tí ó ń kígbe ṣì ní èémí. Ẹni tí ó dákẹ́ ni kí a sáré lọ bá. Dominique Jean Larrey, olórí dókítà oníṣẹ́ abẹ nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Napoleon, ni ó fi ìlànà náà múlẹ̀ pé bí ọgbẹ́ bá ṣe léwu tó ni kí a fi tọ́jú ènìyàn, láìwo ipò rẹ̀ tàbí orílẹ̀-èdè rẹ̀. Àwọn kan sì wà tí gbogbo agbára wa kò lè dá padà. A máa ń fún wọn ní mọ́fíìnì, oògùn tí ó ń pa ìrora, a ó sì fi ènìyàn kan jókòó tì wọ́n. Kò sí iṣẹ́ abẹ tí ó wúwo lọ́kàn mi tó èyí tí mi ò ṣe yẹn.

Ní ti inú ikùn, ìṣòro tí ó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti dà nù púpọ̀ a máa tutù, ẹ̀jẹ̀ tí ó bá sì ti tutù kì í dì mọ́. Bí mo bá dúró lórí rẹ̀ fún wákàtí mẹ́rin kí n lè to ìfun rẹ̀ pọ̀ dáadáa, iṣẹ́ náà lè dára kí aláìsàn náà sì kú. Nítorí náà, a ó so òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó ń tú, a ó fi aṣọ tí ó mọ́ ki ẹ̀dọ̀ yíká, a ó so ìfun tí ó ya kí ìgbẹ́ má baà máa dà, a ó bo ikùn náà láìrán an, a ó sì máa mú un gbóná, kí a máa fún un ní ẹ̀jẹ̀. Tí ilẹ̀ bá mọ́, tàbí ní ọjọ́ kejì, a ó padà sí i. Ẹ̀jẹ̀ náà, lára àwa fúnra wa ni ó ti ń wá: awakọ̀, akọ̀wé, ẹni tí ń fọ aṣọ. Wọn á na apá sílẹ̀ láìjẹ́ pé a bẹ̀ wọ́n.

Ọ̀rọ̀ gígé ẹsẹ̀ náà ti yí padà. Nígbà ogun Borodino, tí Napoleon jà ní Rọ́ṣíà ní 1812, nǹkan bí 200 apá àti ẹsẹ̀ ni Larrey gé láàárín wákàtí 24, láìsí oògùn akunilóorun, nítorí pé 1846 ni a tó fi éterì, oògùn tí ó ń kun aláìsàn lóorun, hàn ní gbangba. Ní àsìkò tirẹ̀, gígé náà ni ìgbàlà. Nínú Ogun Àgbáyé Kejì, bí òpó ẹ̀jẹ̀ ńlá bá já, nǹkan bí ìdajì irú ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń gé. Nínú ogun Kòríà, láàárín 1950 sí 1953, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í rán òpó ẹ̀jẹ̀ náà pọ̀, hẹlikópítà sì ń tètè gbé àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ dé, gígé ẹsẹ̀ wá wálẹ̀ sí nǹkan bí 13 nínú 100. Nígbà tí mo bá ń wo ọmọ ogun tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tutù, àwọn ènìyàn wọ̀nyẹn ni mo máa ń rántí, n ó sì bi ara mi léèrè bóyá ó ṣì ṣeé rán.

Ìgbé ayé tiwa kò ní ohun púpọ̀ nínú: a ń sùn nígbà tí àyè bá gbà, a ń se irinṣẹ́, a ń ka gọ́ọ̀sì, a sì ń tẹ́tí sí jẹnẹrétọ̀ bóyá yóò kú. Ìbọ̀wọ́ ni mo ń dààmú lé lórí jù. Norman Bethune, dókítà ọmọ Kánádà tí ó gbé ẹ̀jẹ̀ lọ bá àwọn ọmọ ogun ní Spéènì ní 1936, fi abẹ gé ìka ara rẹ̀ nígbà tí ó ń ṣiṣẹ́ láìwọ ìbọ̀wọ́ ní Ṣáínà, àkóràn ẹ̀jẹ̀ tí ó ti ibẹ̀ wọlé sì pa á ní oṣù kọkànlá ọdún 1939.

A kì í sábà rí òpin ìtàn àwọn tí a tọ́jú, nítorí pé ọkọ̀ mìíràn yóò gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ẹ̀yìn ogun. Nítorí èyí ni mo fi ń kọ ọ́ gàdàgbà sórí báńdéèjì pẹ̀lú bírò, yàtọ̀ sí káàdì tí ó lè sọnù lọ́nà: wákàtí tí a so okùn ìdádẹ̀jẹ̀, ohun tí mo gé kúrò, iye aṣọ tí mo fi sílẹ̀ nínú ikùn, àti ọjọ́ tí ó yẹ kí wọ́n tú u, kí dókítà tí yóò gbà á má baà tú u ṣáájú ọjọ́ náà.