Ẹja mi tó ń yọ ẹnu sókè omi: ó ti yanjú

Ẹ̀yin ará, mo bèèrè níjọ́sí ìdí tí ẹja inú àpótí gíláàsì mi ní Àjàṣẹ́ níbí fi ń yọ ẹnu sókè omi ní ìdájí. Mo ti rí i. Ẹ̀gbẹ́ asẹ́ tó ń sẹ́ omi ni mo fi òkúta tó ń tú afẹ́fẹ́ sí. Mo gbé e lọ sí ìsàlẹ̀ igun kejì, níbi tí omi ti dúró sójú kan. Bí ìhó ṣe ń gòkè, ó ń fa omi ìsàlẹ̀ dání, ojú omi wá ń rú. Ojú omi tó ń rú yẹn gan-an ni afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé jù. Omi tó gbóná kì í gba afẹ́fẹ́ púpọ̀, ooru ilẹ̀ wa sì nìyí! Mo gbé pọ́ǹpù tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú òkúta náà ga ju omi lọ, kí omi má baà fà wọ inú rẹ̀ bí iná bá lọ. Láàárọ̀ yìí, ìsàlẹ̀ ni gbogbo wọn wà, wọ́n ń ṣa oúnjẹ láàárín yanrìn. Inú mi dùn gan-an. Ẹ ṣeun.