Ẹ̀fọn tó mu ẹ̀jẹ̀ yó, tó bà sára ògiri: kí la lè ṣe sí i?

Ìyá Ìbejì: Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ẹ̀fọn tí ikùn wọn pọ́n ló máa ń kún ògiri yàrá àwọn ọmọ láàárọ̀. Bí wọ́n bá ń mu ẹ̀jẹ̀ lọ́wọ́, omi pupa a máa kán nídìí wọn. Ṣé àyókú ni? Ẹnìkan ní ká máa lo ivermectin, oògùn aràn, kí ẹ̀jẹ̀ wa lè pa wọ́n.

Àkànní: Wọn ò kú o, Ìyá Ìbejì. Omi inú ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ń tọ̀ dànù kí àyè lè gba ògidì rẹ̀. Abo Anopheles, ẹ̀fọn tó ń kó ibà ranni, lè mu miligíráàmù 2 sí 3 lẹ́ẹ̀kan, ó tó ìwọ̀n ara rẹ̀, ó tilẹ̀ lè jù ú lọ. Ẹrù yẹn ò jẹ́ kó lè fò jìnnà, ló ṣe ń bà sára ògiri. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kan a yí ẹ̀jẹ̀ náà ká nínú ìfun, trypsin, èròjà tó ń da oúnjẹ, a wá máa gé purotéènì rẹ̀ wẹ́wẹ́ fún ẹyin. Láàárín ọjọ́ 2 sí 3, ó ti ṣetán láti yé, á tún wá ẹ̀jẹ̀ mìíràn.

Kòkòrò ibà tó bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ yẹn gbọ́dọ̀ sá kúrò kó tó dà mọ́ oúnjẹ. Ní nǹkan bí ọjọ́ kan, ó ti ń lu ara ìfun já. Ó tó bí ọjọ́ 10 sí 14 kó tó dé ibi itọ́. Ẹ̀fọn tó bá gbó ló ń kó ibà ranni. Ká má jẹ́ kó gbó niṣẹ́ wa.

Nọ́ọ̀sì Bọ́lá: Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ ivermectin, ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn à-dá-lò. Ní Kwale, Kẹ́ńyà, wọ́n fún ará ìlú ní máíkírógíráàmù 400 fún kílò kan, lẹ́ẹ̀kan lóṣù, fún oṣù 3. Ibà dín ní ìdá 26 nínú 100 láàárín àwọn ọmọ ọdún 5 sí 15. Ìlú ló jọ lò ó. Ìwọ nìkan kọ́: ẹ̀fọn á kúkú ti jẹ ọ́ kó tó kú. Aboyún àti ọmọ tí kò tó kílò 15 ò gbọdọ̀ fẹnu kàn án. Ẹni tí Loa loa, aràn ojú, pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dákú lọ.

Àlàbí: Àwọ̀n ẹ̀fọn ni kẹ́ ẹ mú. Ẹ wá èyí tí wọ́n fi PBO (èròjà amóògùn-ṣiṣẹ́) tàbí chlorfenapyr (oògùn apẹ̀fọn mìíràn) kún, torí ọ̀pọ̀ ẹ̀fọn ti mọ bí wọ́n ṣe ń tú pyrethroid, oògùn tó sábà máa ń wà lára àwọ̀n, palẹ̀. PBO ló ń dí wọn lọ́wọ́. Ẹ sá a sí ibòji fún wákàtí 24 kẹ́ ẹ tó so ó kọ́. Ọṣẹ tí kò le ni kẹ́ ẹ fi fọ̀ ọ́, ẹ má sá a sóòrùn.

Ìyá Ìbejì: Ẹ ṣeun. Tí wọ́n bá fín oògùn ẹ̀fọn sára ògiri, ṣé ká kùn ún lọ́dà lẹ́yìn náà?

Àkànní: Rárá o! Ọ̀dà á bo oògùn mọ́lẹ̀. Ẹ kùn ún kí wọ́n tó fín in.