Ẹ gbà wá nímọ̀ràn: orin wo la lè fi ṣe alẹ́ "A Ò Kú" ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo)?

Ọmọ_Àjàṣẹ́: Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ olórin wa fẹ́ ṣeré alẹ́ kan, kìkì orin àwọn tó la ogun, ebi àti ẹ̀wọ̀n já. Fayolíìnì mẹ́jọ, sẹ́lò méjì, kílárínẹ́ẹ̀tì kan àti píánò la ní. Wákàtí kan péré. Ọ̀pọ̀ tó ń bọ̀ kò gbọ́ irú orin yìí rí.

Onífèrè: Símfónì keje (orin ńlá fún ọ̀pọ̀ olórin) ti Shostakovich, ọmọ Rọ́ṣíà! Nígbà tí àwọn Jámánì dó ti Leningrad, ìlú kan ní Rọ́ṣíà, ebi pa àwọn olórin rédíò ibẹ̀ débi pé ṣọ́jà tó mọ fèrè fọn ni wọ́n fi kún wọn. 9 Oṣù Kẹjọ 1942 ni wọ́n ṣe é níbẹ̀, ẹ̀rọ gbohùngbohùn sì gbé e dé etí àwọn ọ̀tá.

Àdùnní_Ṣábẹ̀: Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ ka ohun tó kọ ṣá? Ìyẹn ju wákàtí kan lọ, ó sì ń fẹ́ nǹkan bí ọgọ́rùn-ún olórin. Àbúrò, ẹ wá *Quatuor pour la fin du temps* (orin ẹni mẹ́rin fún òpin àkókò) ti Messiaen, ọmọ Faransé. Ẹlẹ́wọ̀n ogun ni nígbà tó parí rẹ̀, nínú àgọ́ ẹlẹ́wọ̀n àwọn Jámánì ní Görlitz ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣe é, 15 Oṣù Kìíní 1941. Fayolíìnì, sẹ́lò, kílárínẹ́ẹ̀tì, píánò, ó tán. Ó le o! Apá karùn-ún nìkan ni kẹ́ ẹ mú, sẹ́lò àti píánò ló ni ín, ó ń rọra lọ.

Baba_Ìbejì: Ẹ fi *African Suite* ti Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà, kún un, ti 1944. Apá tó kẹ́yìn á mú wọn jó.

Ọmọ_Alákétu: Ó dùn lóòótọ́, àmọ́ ìyà wo ló wà nínú ẹ̀? Ẹ wo ilé. Dàhòmì fọ́ Kétu ní 1886, wọ́n kó èèyàn lẹ́rú lọ. Lẹ́yìn tí Faransé gba Àbómè, olú-ìlú Dàhòmì, ní 1892 làwọn tó kù padà wá tún ìlú kọ́. Ẹ pe ẹléfẹ̀ kan, olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, láti Kétu, kó dá orin ìtàn náà, kí fayolíìnì máa gbè é. Ìyẹn á yé wọn ju Leningrad lọ.

Àdùnní_Ṣábẹ̀: Kẹ́ ẹ tọrọ àyè lọ́wọ́ àwọn àgbà kẹ́ ẹ tó gbé Ẹ̀fẹ̀ wọ gbọ̀ngàn o. Kì í ṣe orin àríyá.

Ọmọ_Àjàṣẹ́: Ẹ ṣé gan-an. Messiaen ṣáájú, Kétu láàárín, Sowande kẹ́yìn. Ẹ̀gbọ́n Onífèrè, ẹ wá sọ ìtàn Leningrad fún wa kí sẹ́lò tó bẹ̀rẹ̀, ìṣẹ́jú márùn-ún.

Onífèrè: Mẹ́wàá.